Ẹni Tó Fẹ́ Fi Kíndìnrín Tọrẹ: Ìlọsíwájú nínú Ìpààrọ̀ Ẹ̀yà Ara àti Ohun Tó Kan Kumasi nínú Rẹ̀

Nígbà tí kíndìnrín méjèèjì bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà méjì ló kù fún aláìsàn láti wà láàyè. Èkíní ni kí a máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí dáyálísíìsì. Bí a bá fi ẹ̀rọ ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni kí a fi kíndìnrín tí ó dá ṣáṣá láti ara ẹlòmíràn sí i lára. Ọ̀nà kejì yìí ni ó ń fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ní ẹ̀mí gígùn jù, òun ni ó sì ń dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, sí ilé ẹ̀kọ́ àti sí ìdí ọjà wọn.

Ṣùgbọ́n kíndìnrín kò sí lórí àtẹ. Ẹnì kan ní láti yọ̀ǹda rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, púpọ̀ nínú kíndìnrín tí wọ́n ń lò ni wọ́n mú láti ara ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ní Ghana, bí ó ti rí ní Nàìjíríà, alààyè ni ó ń fún aláìsàn ní kíndìnrín, ará ilé rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Nítorí náà, ènìyàn méjì ni oníṣègùn ní láti tọ́jú: ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, àti ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó gbà kí a fi ọ̀bẹ kan òun nítorí ẹlòmíràn. Lójú tiwa, ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ fún Kumasi nínú gbogbo ìlọsíwájú ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni èyí tí ó kan ẹnì kejì yìí. Òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Láti Boston dé Korle Bu

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára ọkùnrin kan, wọ́n sì fi sí ara ìbejì rẹ̀. Kíndìnrín náà ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé láti inú ẹyin kan ṣoṣo ni ìbejì méjèèjì ti wá, ara ẹni tí ó gbà á kò sì mọ̀ pé àlejò ti wọlé. (Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ìbejì pọ̀ sí jùlọ láyé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìbejì wa kì í ṣe irú èyí. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ni wọ́n sì rí nípa àbùdá.) Ẹni tí kò bá ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dá kíndìnrín náà mọ̀ ní àjèjì, wọ́n á sì gbógun tì í. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní kíkọ̀.

Oògùn ni ó ṣí ọ̀nà fún àwọn yòókù. Wọ́n rí ciclosporin láti inú erùpẹ̀ tí wọ́n bù ní ilẹ̀ Norway. Tacrolimus tẹ̀lé e ní ọdún 1984, láti inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan. Iṣẹ́ àwọn oògùn wọ̀nyí ni láti kó àwọn ọmọ ogun ara níjàánu kí wọ́n lè gba àlejò náà láyè. Títí di òní, tacrolimus ni òpómúléró ìtọ́jú lẹ́yìn ìpààrọ̀ kíndìnrín.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìròyìn tí gbogbo ayé gbọ́ ni ti Christiaan Barnard, ẹni tí ó pààrọ̀ ọkàn ènìyàn ní Cape Town ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967. Ọjọ́ 18 péré ni aláìsàn náà lò lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ kí iṣẹ́ yìí tó kan Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní ọdún 2000. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 2002. Ní Ghana, oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni, ní Korle Bu ní Accra, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ láti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá dúró ti àwọn akẹgbẹ́ wọn ará Ghana. Fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, irú ìbẹ̀wò yìí ni iṣẹ́ náà gbára lé, iye àwọn tí ó rí i gbà kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn tí ó nílò rẹ̀. Kárí ayé pàápàá, ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara tí ó ń wáyé lọ́dọọdún lé ní 150,000, síbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí àwọn aláìsàn nílò.

Bí kíndìnrín ṣe ń bàjẹ́ ní Kumasi

Nínú ọgbà Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Komfo Anokye ní Kumasi ni idà kan wà tí ìtàn sọ pé Okomfo Anokye, àlùfáà tí ó bá Osei Tutu dá ìjọba Asante sílẹ̀, gún mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì rí fà yọ mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn náà ń jẹ́. Ibẹ̀ ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Plange-Rhule ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín, tí ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ní ọdún 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ó ń wá gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá wá. Àrùn kejì ti wà nílẹ̀ láìdún láìfọ̀.

Ẹgbẹ́ yìí kan náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n lọ sí ìletò 12 ní agbègbè Kumasi, wọ́n sì bá ènìyàn 1,013 ṣiṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ lásán lè mú kí iyọ̀ oúnjẹ dínkù. Ẹni tí ó bá mọ ọbẹ̀ Asante á mọ ìdí rẹ̀: iyọ̀ tí a fi ọwọ́ bù sínú ìkòkò nìkan kọ́ ni ìṣòro, bí kò ṣe èyí tí ó ti wà nínú ẹja oníyọ̀, bíi momoni àti koobi. Ìwádìí náà, tí ó jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé àwọn tí iyọ̀ inú ìtọ̀ wọn dínkù ni ìfúnpá wọn náà wálẹ̀.

Èyí kan ìpààrọ̀ kíndìnrín gan-an. Ilé kan náà ni aláìsàn àti ẹni tí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ti ń jẹun, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń bù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, nígbà tí àìsàn kíndìnrín bá ti hàn lára ẹnì kan nínú ẹbí, ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ bá délẹ̀ kí ẹ tó wọn ìfúnpá àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ìtọ̀ wọn wò bóyá purotéènì wà nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kò wọ́n. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú nípa oògùn ara ríro bíi diclofenac àti ibuprofen tí wọ́n ń rà lọ́jà, àti nípa àgbo.

Iyèkan, ọbàkan àti abusua

Láàárín àwọn Asante, ìdílé ìyá, tí wọ́n ń pè ní abusua, ni ènìyàn jẹ́ tirẹ̀. Ìyá ni ó fún un ní ẹ̀jẹ̀. Bàbá fún un ní ntoro, èyí tí í ṣe ti ẹ̀mí, ṣùgbọ́n inú ìdílé ọ̀tọ̀ ni bàbá wà. Yorùbá náà mọ ìyàtọ̀ iyèkan sí ọbàkan, a sì mọ ẹni tí à ń kọ́kọ́ sá tọ̀ nígbà ìṣòro. Nítorí náà, nígbà tí oníṣègùn bá ní kí ẹbí wá ẹni tí yóò fi kíndìnrín tọrẹ, kì í ṣe ohun ìyanu bí gbogbo ojú bá yí sí àbúrò ìyá, tí a kò sì ka bàbá sí.

Ara kò mọ òfin ìdílé. Àwọn àmì tí ara fi ń dá ara mọ̀, ìdajì rẹ̀ ni ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá, ìdajì yòókù lọ́wọ́ bàbá. Òbí àti ọmọ a máa bá ara wọn mu ní ìdajì nígbà gbogbo. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ní àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin láti bá ara wọn mu pátápátá, ẹyọ kan nínú mẹ́rin sì ni kí wọ́n má bá ara wọn mu rárá. Nínú ìdá méjì yòókù, ìdajì ni. Ọbàkan àti iyèkan tí kò pín òbí kejì kò sàn ju ara wọn lọ ní ti èyí. Bàbá tọ́ sí àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí arákùnrin ìyá ti tọ́ sí i.

Irú ẹ̀jẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ O lè fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tí ó ní O bíi tirẹ̀ nìkan ni òun náà ti lè gbà. Lẹ́yìn èyí ni a ó po ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀ láti mọ̀ bóyá aláìsàn ti ní ohun ìjà lára sí olùtọrẹ yìí. Ìfàjẹ̀sára àti oyún wà lára ohun tí ó ń bí irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tí ó ti bímọ fún ọkọ rẹ̀ lè ti ní èyí tí yóò kọjú sí kíndìnrín ọkọ náà. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pé kí wọ́n má máa fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn kíndìnrín lára bí ọ̀nà mìíràn bá wà láti tọ́jú àìtó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: àpò ẹ̀jẹ̀ kan tí kò pọn dandan lónìí lè ti ilẹ̀kùn ìpààrọ̀ mọ́ ọn lọ́la.

Àwọn oògùn òde òní ti mú kí bíbá ara mu pátápátá má jẹ́ dandan mọ́. Ọkọ lè fún ìyàwó, ọ̀rẹ́ lè fún ọ̀rẹ́, kíndìnrín náà a sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí àwọn aláìsàn bá ti pọ̀ lórí ìwé, ẹbí méjì tí ti wọn kò bá ara wọn mu lè ṣe pàṣípààrọ̀: olùtọrẹ ti èkíní á fún aláìsàn ti èkejì, ti èkejì á fún ti èkíní.

Àbùdá tí ó gba àwọn baba ńlá là

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 ní ọwọ́ nínú àrùn kíndìnrín àwọn aláwọ̀ dúdú. Gbogbo ènìyàn ni ó ní APOL1. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹ̀yà rẹ̀ méjì wà, G1 àti G2, tí ó jẹ́ pé ara àwọn tí orísun wọn jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti ń rí wọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún ìwádìí ṣáájú ìgbà náà wà lára ohun tí wọ́n fi mọ bí G1 ti pọ̀ tó. Ó pọ̀ láàárín àwọn Asante bákan náà.

Kì í ṣe ègún. Ó gbilẹ̀ nítorí pé ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun kòkòrò àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Bí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ AS ti ń rí ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà, tí ẹni tí ó jogún S lápá méjèèjì sì ń jìyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti APOL1 fẹ́ jọ. Kumasi kò ṣàjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí: níbẹ̀ àti ní Tikrom ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò àwọn ọmọ tuntun fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní ọdún 1995, lábẹ́ Kwaku Ohene-Frempong.

Fún ọdún pípẹ́, ohun tí a mọ̀ nípa APOL1 wá láti ara àwọn aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2024 ni àbájáde ìwádìí ńlá tí a ṣe nílé jáde. Àwọn oníṣègùn Ghana àti Nàìjíríà, Accra, Kumasi àti Ìbàdàn lára wọn, yẹ ènìyàn 8,355 wò. Nínú gbogbo wọn, ìdá 29.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jogún ẹ̀yà eléwu lápá méjèèjì. Ìdá 43 jogún ẹyọ kan. Ẹni tí ó ní méjì súnmọ́ àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ju ẹni tí kò ní lọ ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé ẹni tí ó ní ẹyọ kan pàápàá, tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé kò sí ewu fún, súnmọ́ ọn jù ní ìdá 18. Fún irú àrùn kan tí ó ń mú kí ojú asẹ́ kíndìnrín di àpá, ewu náà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 84 fún ẹni tí ó ní méjì, 61 fún ẹni tí ó ní ẹyọ kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó ní méjì kì yóò ní àrùn kíndìnrín láéláé. Ṣùgbọ́n kíndìnrín méjì ni wọ́n fi ń gbé ayé wọn. Bí a bá yọ ọ̀kan ńkọ́?

Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2018 tọpasẹ̀ olùtọrẹ aláwọ̀ dúdú 136. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ni ó ní ẹ̀yà eléwu méjì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 12, kíndìnrín tí ó kù fún àwọn wọ̀nyí ti rẹ̀yìn ju ti àwọn yòókù lọ, ti ẹni méjì nínú wọn sì ti daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn yòókù tí èyí ṣẹlẹ̀ sí. Iye náà kéré, kò sì yẹ kí a fi ṣe òfin fún gbogbo ayé. Síbẹ̀ ẹni tí ó wá ṣe oore tí ó padà di aláìsàn tí ń wá kíndìnrín, ẹyọ kan rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí nìyí. Bí aláìsàn bá ní ẹ̀yà eléwu méjì, ọwọ́ bàbá ni ó ti gba ọ̀kan, ó gba ìkejì lọ́wọ́ ìyá. Ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin, ó kéré tán, láti ní méjèèjì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti aláìsàn mu jùlọ gan-an ni ó lè máa gbé ewu kan náà kiri láìmọ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ kíndìnrín lágbàáyé fi lélẹ̀ ní ọdún 2017 gbà pé a lè fi àyẹ̀wò APOL1 lọ olùtọrẹ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ará Áfíríkà, kí òun fúnra rẹ̀ sì mọ ohun tí èsì rẹ̀ túmọ̀ sí kó tó pinnu. Níbi tí àyẹ̀wò náà kò bá sí, ọjọ́ orí lè sọ nǹkan fún wa. Ẹni ọdún 50 tí ìfúnpá rẹ̀ dára, tí purotéènì kò sí nínú ìtọ̀ rẹ̀, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán kíndìnrín rẹ̀ wò. Ọmọ ogún ọdún tí èsì tirẹ̀ náà mọ́ lónìí kò tí ì pẹ́ láyé tó kí àrùn náà fi ara hàn. Ẹbí a máa fẹ́ fi èyí tó kéré jù, tí kò tí ì ní ìyàwó àti ọmọ, sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí oníṣègùn rọra sọ fún wọn pé kì í ṣe òun ni ó dára jù.

Ọ̀bẹ, àti ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ọ̀bẹ

Láti ọdún 1995, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Baltimore, ó ti ṣeé ṣe láti yọ kíndìnrín olùtọrẹ láti ojú ihò kéékèèké pẹ̀lú kámẹ́rà, láìla ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọọrọ. Ìrora rẹ̀ dínkù, olùtọrẹ a sì tètè padà sílé. Kíndìnrín tí ó kù á wú díẹ̀, á sì gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ti èkejì ṣe. Lára aláìsàn, a kì í sábà yọ àwọn kíndìnrín tí ó ti bàjẹ́. Ìsàlẹ̀ ikùn ni a ń fi tuntun sí, nítòsí àpòòtọ̀.

Ewu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà lórí olùtọrẹ tí ó lé ní 80,000, èyí tí ó jáde ní ọdún 2010, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú 10,000 ni ó kú láàárín oṣù mẹ́ta. Ó yẹ kí obìnrin tí ó ṣì fẹ́ bímọ mọ̀ pé ìfúnpá gíga nínú oyún máa ń ṣe àwọn tí ó ti fi kíndìnrín tọrẹ ju àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 11 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwádìí kan ní Kánádà rí ní ọdún 2015.

Nínú agbo ilé wa, ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò. Iṣẹ́ ni ó ń rán an. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá sọ pé òun gbà níwájú àwọn àgbà lè jẹ́ ẹni tí kò ní ẹnu láti sọ pé òun kọ̀. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2010 béèrè pé kí olùtọrẹ mọ ohun gbogbo, kí ó sì fi tinútinú gbà, láìsí ìfipáṣe. Òṣìṣẹ́ kan tí kò sí lára àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ni ó yẹ kí ó bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, ní èdè tí ó gbọ́ dáadáa, kí ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Bí ó bá ní òun kò ṣe mọ́, ohun tí ẹbí yóò gbọ́ kò ju pé “kò yẹ fún ìtọrẹ” lọ. Òótọ́ ni, ó sì pa ojú rẹ̀ mọ́ láàárín ilé.

Títa kíndìnrín léèwọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá Ike Ekweremadu, sẹ́nétọ̀ Nàìjíríà, ìyàwó rẹ̀ àti oníṣègùn kan lẹ́bi, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tajà ní òpópónà Èkó tí wọ́n mú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè lo kíndìnrín rẹ̀ fún ọmọ wọn. Wọ́n pè é ní ẹbí ọmọ náà. Àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Royal Free fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n rí i pé kò mọ ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí òun, wọ́n sì kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lásán ni ó gbà á sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ojoojúmọ́ ni ẹni tí ó gba kíndìnrín yóò máa lo oògùn, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Fífo ọjọ́ mélòó kan nítorí pé ara ti yá, tàbí nítorí pé owó kò sí, lè mú kí ara kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn kéékèèké, ẹ rántí pé oògùn mìíràn lè ba tacrolimus jẹ́: rifampicin tí a ń lò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń já a wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, clarithromycin àti fluconazole sì máa ń gbé e ga títí yóò fi di májèlé. Ẹ pe ẹ̀ka kíndìnrín kí ẹ tó kọ wọ́n fún un. Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé ni kí aláìsàn gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, nítorí pé kò bójú mu mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Alààyè ni kòkòrò inú abẹ́rẹ́ náà. Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B náà, ìṣáájú ni ó dára jù.

Ní ti àwọn ìròyìn tí ń jáde láti òkèèrè, díẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Láti ọdún 2008 ni Elmi Muller ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíndìnrín àwọn olóògbé tí ó ní kòkòrò HIV sí ara àwọn aláìsàn tí ó ní HIV ní Cape Town, ó sì yọrí sí rere. Nítorí náà, HIV tí a ń fi oògùn tọ́jú kì í ṣe ìdí láti sọ fún aláìsàn pé kò lè gba kíndìnrín. Kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe, tí wọ́n fi sí ara ọkùnrin kan ní Boston ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ṣì wà lórí ìdánwò. Ọkùnrin náà kú ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Èyí tí ó súnmọ́ wa jù ni oògùn tí wọ́n ń pè ní inaxaplin, tí ń dojú kọ iṣẹ́ ibi APOL1 gan-an. Nínú ìdánwò kékeré kan tí ó jáde ní ọdún 2023, ó dín purotéènì inú ìtọ̀ kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Ìdánwò ńlá ni yóò sọ bóyá ó ń gba kíndìnrín là.

Owó ni èyí tí ó kù. Nígbà tí Ghana gbé ètò ìbánigbófò ìlera rẹ̀ kalẹ̀, dáyálísíìsì ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara wà lára ohun tí ètò náà kò san owó rẹ̀. Ní ọdún 2024 ni ó bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́ dáyálísíìsì fún àwọn aláìsàn kan, wọ́n sì dá àpò ìrànwọ́ fún àwọn àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2025. Kí ẹbí kan ní Kumasi tó gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kí wọ́n jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ilé ìwòsàn, kí wọ́n ṣírò owó oògùn àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, kì í ṣe owó iṣẹ́ abẹ nìkan. Kíndìnrín tí àbúrò fi sílẹ̀, tí ó sì kú nítorí pé oògùn tán, àdánù ẹni méjì ni.

Kí wọ́n sì ṣírò ti olùtọrẹ mọ́ ọn: owó ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò ní lè ṣiṣẹ́, àti ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ fún wíwọn ìfúnpá, àyẹ̀wò ìtọ̀ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti yá, òun ni ó rọrùn jù láti gbàgbé. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé ẹ̀ka kíndìnrín ní ọjọ́ kan náà tí ẹ kọ ti aláìsàn, kí ẹ sì fún un ní káàdì tirẹ̀.